Ọ̀bọ tó di aláwọ̀ ewé: àkọsílẹ̀ àtúnṣe àwọ̀ fídíò kan láti Lẹ́kkí

Fídíò náà kò gùn, ìṣẹ́jú àáyá 47 péré ni. Fóònù ni wọ́n fi yà á ní Lekki Conservation Centre l'Ékòó, ọgbà hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, lórí afárá pákó tó gba inú igbó àbàtà kọjá. Ọ̀bọ mona kan ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹ̀ka lábẹ́ ibòji, ó ń jẹ èso. Nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá 19, ó fò bọ́ sórí afárá níbi tí oòrùn ti rí àyè wọlé, ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fáìlì náà jẹ́ 1920 × 1080, férémù 30 (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, H.264 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò), bíìtì 8 (ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan). Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni wọ́n yà á, ojú ọjọ́ mọ́, oòrùn sì ti mú.

Bí a ṣe ṣí i lójú kọ̀ǹpútà ni ohun tó bàjẹ́ ti hàn. Ọ̀bọ náà rí bí ẹni tí wọ́n fi omi ewúro wẹ̀: ikùn rẹ̀ tó yẹ kó funfun ti di àwọ̀ ewé. Láti ìṣẹ́jú àáyá 19 sí 21, àwọ̀ gbogbo àwòrán yí padà, ó kúrò ní àwọ̀ ewé, ó bọ́ sí yẹ́lò, bí ìgbà tí ẹnì kan fa kọ́tìnì yàrá. Ojú ọ̀run tó ń yọ láàárín ewé ti di funfun, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ àlùkò sì wà létí gbogbo ẹ̀ka tó dojú kọ ojú ọ̀run. Lórí gbogbo rẹ̀, fídíò náà rí bí ohun tó ti ṣá, dúdú inú rẹ̀ kò dúdú tó, bí ohun téèyàn ń wò láti inú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tó sì dá kún un

Ẹni tó yà á ti gbìyànjú lórí fóònù kí fáìlì náà tó dé ibi tó dé. Ó tẹ bọ́tìnì Auto nínú áàpù, nígbà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fa saturation (bí àwọ̀ ṣe lágbára tó) sókè. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí ike, ojú ọ̀bọ sì di àlùkò.

Ohun tó fà á rèé. Ọ̀pọ̀ irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ gbà pé bí a bá po gbogbo àwọ̀ inú àwòrán pọ̀ mọ́ra, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jáde. Ní Ojúẹlẹ́gbà, níbi tí dánfó yẹ́lò, aṣọ pupa, ògiri funfun àti ojú ọ̀run jọ wà nínú àwòrán kan, èrò yẹn lè sún mọ́ òótọ́. Nínú igbó, ewé ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán. Bọ́tìnì náà rí i pé àwọ̀ ewé ti pọ̀ jù, ó bá da magenta (pupa tó dà pọ̀ mọ́ búlúù) lé gbogbo rẹ̀ lórí kí ó lè dọ́gba. Ewé gbé e mì, kò hàn lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ ló jìyà. Saturation tó tẹ̀ lé e kò mọ àwọ̀ tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣìnà, gbogbo wọn ló ń fẹ̀ pa pọ̀, nítorí náà àṣìṣe náà di ńlá. Ẹ ṣáà bèèrè fáìlì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá. Èyí tí áàpù ti fọwọ́ kàn ti sọ ohun púpọ̀ nù, kò sì sí ọ̀nà láti gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ẹwà lọ. Àwọ̀ ara wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa mọ̀. Mona ní ẹ̀yìn búráùn, ikùn funfun, àti àmì funfun roboto méjì nítòsí ìdí ìrù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yà mìíràn wà, Cercopithecus erythrogaster, tí ọ̀fun rẹ̀ funfun. Ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ikùn eléérú, àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin sì ní ikùn pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá fi magenta kun ikùn mona, tàbí tó sọ ọ́ di eérú, ti ba ẹ̀rí jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi fídíò náà mọ irú ẹranko tó rí. Ìdí nìyẹn tí ìlànà iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ẹyọ kan: ìmọ́lẹ̀ la ń tún ṣe, ara ẹranko kọ́. Ibi tó funfun lára ọ̀bọ náà ni òṣùwọ̀n wa, kì í ṣe ibi tí ojú wa fẹ́.

Ibi tí àwọ̀ ewé náà ti wá

Ewé a máa gba pupa àti búlúù inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sára, èyí tó bá kù, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, a máa kọjá tàbí kó ta padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba inú àtíbàbà ewé kọjá ní ìpele méjì mẹ́ta kó tó kan ẹranko, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ló kù tó ń kàn án. Kò sí irọ́ nínú ohun tí kámẹ́rà rí. Ojú èèyàn ló máa ń bá ìmọ́lẹ̀ mu láìpẹ́, tí ẹni tó dúró lórí afárá fi rí ikùn funfun gan-an, tó sì wá ń ṣe kàyéfì nígbà tó délé.

Kámẹ́rà náà gbìyànjú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí white balance inú fóònù (ètò tó ń gbìyànjú láti mú kí funfun rí bíi funfun) mọ̀ jù ni ìyàtọ̀ láàárín oòrùn, ibòji àti gílóòbù inú ilé, ìyẹn láti búlúù sí pupa-ọsàn. Ìhà kejì, láti àwọ̀ ewé sí magenta, kì í fẹ́ rìn jìnnà níbẹ̀, kó má baà sọ pápá oko di eérú. Nínú ètò ìṣàtúnṣe, Temp ló wà fún ìhà àkọ́kọ́, Tint fún ìkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí fídíò inú igbó ni kí èèyàn máa fa Temp sí ọ̀tún, sí òsì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìṣòro náà kò sí lọ́hùn-ún.

Mímúra fáìlì sílẹ̀

DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, ètò kọ̀ǹpútà fún ṣíṣàtúnṣe fídíò, la lò, lórí Windows. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣáájú àwọ̀.

Àkọ́kọ́, férémù. Fóònù kì í fi férémù 30 gan-an yàwòrán, iye rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rí. Bí a bá gbé e wọ Resolve bẹ́ẹ̀, ohùn lè yà kúrò lára àwòrán, bí a bá sì tọ́ka sí férémù kan lónìí, ó lè jẹ́ òmíràn lọ́la. ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì fídíò padà, ló yanjú rẹ̀:

ffmpeg -i obo.mp4 -fps_mode cfr -r 30 -c:v dnxhd -profile:v dnxhr_hq -pix_fmt yuv422p -c:a pcm_s16le obo.mov

Fáìlì tó jáde tó nǹkan bíi gígábáìtì 1.3 fún ìṣẹ́jú àáyá 47, nítorí náà kí àyè wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó tóbi, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára máa ń sáré lórí rẹ̀ ju H.264 lọ. Ìyípadà yìí kò fi àwọ̀ tuntun kún nǹkan kan o. Bíìtì 8 ló wá, bíìtì 8 ló ṣì jẹ́.

Èkejì, ìpele dúdú àti funfun. Nínú fídíò oníbíìtì 8, dúdú a máa jókòó sórí 16, funfun sórí 235. Nínú Resolve tó ń ka 0 sí 1023, ibẹ̀ ni 64 àti 940. Bí ètò náà bá ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé láti 0 dé òkè pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, dúdú á léfòó. Nínú Waveform (àwòrán ìwọ̀n tó ń fi ìpele ìmọ́lẹ̀ hàn), kò sí ohun kan tó sọ̀ kalẹ̀ ju 64 lọ, kò sì sí èyí tó kọjá 940. Àmì àìsàn náà nìyẹn. A tẹ fáìlì náà ní ìhà ọ̀tún máòsì, a lọ sí Clip Attributes, a yí Data Levels láti Auto sí Video. Àwọ̀n ẹ̀fọn ká kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí á lọ fi Contrast (ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun) jà fún nǹkan tí yíyàn kan ṣoṣo ń ṣe, á sì ti ba ìpele tó wà láàárín jẹ́ kó tó parí.

Ẹ̀kẹta, ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. A pa Night Light, nítorí pé ó ń fi pupa-ọsàn kún gbogbo ohun tí a ń wò. A so láptọ́ọ̀pù mọ́ iná, torí pé bí iná bá lọ tó bọ́ sórí bátìrì, àwọn kan máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú wọn kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, èèyàn á sì máa fa àwòrán sókè láìnídìí. A fi fèrèsé sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kí oòrùn má ta sójú rẹ̀.

Ikùn ọ̀bọ ní ìṣẹ́jú àáyá 6

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 6 ọ̀bọ náà na apá sí èso kan, ikùn rẹ̀ sì ṣí sí wa nínú ibòji. A tẹ ìhà ọ̀tún máòsì lójú àwòrán, a yan Show Picker RGB Value, tó ń fi nọ́ńbà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn, a sì yí i sí bíìtì 10. Irun kò dà bí pépà, nọ́ńbà ń fò bí máòsì bá ti ṣẹ́ díẹ̀. Nítorí náà ibi márùn-ún la kà lórí ikùn, a yẹra fún ibi tí ewé kan ta àwọ̀ sí lára láti ìsàlẹ̀, a sì mú ìpíndọ́gba wọn: pupa 412, àwọ̀ ewé 498, búlúù 371.

Nọ́ńbà mẹ́ta yìí sọ ìtàn náà tán. Ohun funfun yẹ kó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà tàbí kí wọ́n sún mọ́ra. Àwọ̀ ewé fi 86 ju pupa lọ, ó fi 127 ju búlúù lọ. Kì í ṣe àwọ̀ ewé nìkan ló pọ̀, búlúù tún kéré, nítorí pé ewé ti gbà á sára. Ẹni tó bá fi ojú nìkan ṣe é á mú àwọ̀ ewé kúrò, á wá rí i pé ọ̀bọ náà ti di yẹ́lò, kò sì ní mọ ibi tí yẹ́lò ti wá.

A ṣí Primaries (ibi tí Resolve ti ń tún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ṣe), a lọ sórí Gain. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a fa Lum Mix láti 100 sí 0. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní 100, bí a ṣe ń dín ọ̀kan kù, Resolve á máa gbé àwọn tó kù sókè kí ìmọ́lẹ̀ àwòrán má baà yí, nọ́ńbà tí a ṣírò kò sì ní bá ohun tí a ń rí mu. Lẹ́yìn náà: pupa 1.06, àwọ̀ ewé 0.92, búlúù 1.16. Ìlọ́po lásán ni Gain ń ṣe: 412 di 437, 498 di 458, 371 di 430.

Ẹ ó rí i pé a kò mú wọn dọ́gba. A mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan bí ogún sílẹ̀ láàárín àwọ̀ ewé àti pupa. A ti dán ìdọ́gba pátápátá wò, ó sì rí bí ọ̀bọ tí wọ́n gbé sínú yàrá tí wọ́n kun ní funfun. Ojú tó ń wo igbó retí ìmọ́lẹ̀ igbó. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́, ẹlòmíràn lè fi mẹ́wàá sílẹ̀. Ohun tí kò ṣeé gbà ni kí pupa tàbí búlúù borí àwọ̀ ewé nínú ibòji ewé, torí kò sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ Gain la lò, tí kì í ṣe Offset: Offset ń ti gbogbo ìpele sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, títí kan dúdú. Nínú fídíò yìí, dúdú tó wà láàárín gbòǹgbò igi kò ní àwọ̀ kankan, Parade (àwòrán ìwọ̀n tó ń fi pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) fi hàn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ nísàlẹ̀. Bí a bá ti Offset, gbòǹgbò á di àlùkò. Ìmọ́lẹ̀ ló yí àwọ̀ padà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sì sí, kò sí ohun tí a ó tún ṣe.

Lórí node (ìpele àtúnṣe) kejì la ti fi Contrast sí 1.10, Pivot (ojú ibi tí Contrast ti ń pín òkè àti ìsàlẹ̀) sì sọ̀ láti 0.435 sí 0.38 kí ara ọ̀bọ tó wà nínú ibòji má baà rì. A gbé Gamma (ìmọ́lẹ̀ ìpele àárín) sókè díẹ̀ títí tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ fi yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì dúró níbẹ̀. Bí a ti kọjá ibẹ̀, àmì kéékèèké pupa àti àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn ọ̀bọ náà bí ìyẹ̀fun. Ohun tí wọ́n ń pè ní noise (ariwo) nìyẹn, ẹ̀gbin tí kámẹ́rà máa ń fi sí ibi tó ṣókùnkùn. Ohun èlò tó ń pa á wà nínú Resolve olówó, kò sí nínú ti ọ̀fẹ́.

Ibi tí àwọ̀ ti yí lójú wa

Nígbà tí ọ̀bọ bọ́ sínú oòrùn, fóònù yí white balance àti ìmọ́lẹ̀ pa pọ̀ láàárín férémù 570 sí 630. Ohun tó tọ́ fún ibòji kò tọ́ fún lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Òṣùwọ̀n wa kejì wà níbẹ̀, a dúpẹ́: ní ìṣẹ́jú àáyá 24, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, àmì funfun méjèèjì nídìí rẹ̀ sì wà nínú oòrùn gbangba. Pupa 871, àwọ̀ ewé 842, búlúù 748. Kò ní àwọ̀ ewé púpọ̀ mọ́, yẹ́lò ni ìṣòro. Pupa 0.97, àwọ̀ ewé 1.00, búlúù 1.10 ló gbé wọn dé 845, 842 àti 823. A fi ooru díẹ̀ sílẹ̀ nítorí oòrùn ni.

Báwo la ṣe so ìhà méjèèjì pọ̀? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni keyframe, àmì tó ń sọ bí àtúnṣe ṣe gbọ́dọ̀ rí ní férémù kan. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò máa ń fi irú èyí tó ń fò lójijì sí ibi tó yẹ kí ó fi èyí tó ń yọ́ lọ sí. Ọ̀nà tó rọrùn jù wà. Ní ojú ewé Edit, a gé fídíò náà sí méjì ní férémù 600 pẹ̀lú Ctrl+B. A tún àwọ̀ apá àkọ́kọ́ ṣe fún ibòji, apá kejì fún oòrùn. A wá fi Cross Dissolve, tó ń mú àwòrán kan yọ́ sínú èkejì, sórí ojú ibi tí a gé. Nítorí pé fídíò kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a kò sì yọ férémù kankan, àwòrán kò ní jìn sínú ara wọn, àwọ̀ nìkan ló ń yọ́ láti èyí sí èyí.

Férémù 60 la kọ́kọ́ fi sí i, ó gùn jù. Fóònù kì í yí àwọ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sáré lákọ̀ọ́kọ́, ó wá fà lẹ́yìn. Ní férémù 585 ikùn ọ̀bọ pọ́n fìrí, ó sì padà. A dín dissolve náà kù sí 44, a sún ojú ibi tí a gé padà sẹ́yìn ní férémù mẹ́sàn-án, sí 591. Ìpọ́n náà lọ. Kò sí ìṣírò tó ń sọ iye yẹn fúnni, èèyàn á wò ó léraléra ní ìyára tó tọ́ ni, kì í ṣe ní férémù kọ̀ọ̀kan, torí pé ojú á máa dárí ji férémù kan tó dúró sójú kan.

Ojú ọ̀run tó pọ́n

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ojú ọ̀run tó wà láàárín ewé ti di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ mọ́ aṣọ pupa. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ojú ọ̀run yẹn ti kún dé òkè tẹ́lẹ̀, pupa 1023, àwọ̀ ewé 1023, búlúù 1023. Nígbà tí a fi Gain 0.92 kan àwọ̀ ewé, ó sọ̀ sí 941, pupa àti búlúù sì ń gbìyànjú láti kọjá òkè, wọn kò rí àyè, wọ́n dúró sí 1023. Ohun tó funfun di magenta. Gbogbo àtúnṣe white balance lórí fídíò tí ojú ọ̀run rẹ̀ ti kún máa ń bí ọmọ yìí.

Inú Curves ni ìwòsàn rẹ̀ wà, ní Lum vs Sat (ìlà tó ń yí saturation padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tó). Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 90 nínú 100, a fa saturation sílẹ̀ pátápátá, a sì jẹ́ kí ìlà náà yọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, kí àmì má baà hàn létí ewé. Lórí ìlà kan náà, a fa ìhà dúdú pátápátá wá sí nǹkan bí ìlàjì. Èyí ló pa ìyẹ̀fun pupa àti àwọ̀ ewé tó ń hó lẹ́yìn ọ̀bọ. Ariwo náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀ mọ́, ó rí bí irun.

Ẹ má ṣe fa Gain sílẹ̀ láti wá ìkùukùu nínú ojú ọ̀run náà. Kò sí ìkùukùu níbẹ̀, omi ti dànù. Funfun á kàn di eérú tó dọ̀tí, tí ojú á sì máa lọ síbẹ̀ ṣáá.

Ewé àti ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ewé tó wà nínú oòrùn ṣì ń tàn jù. Nínú Hue vs Sat (ìlà tó ń yí saturation àwọ̀ kọ̀ọ̀kan padà) a tẹ ewé kan, àmì mẹ́ta yọ lórí ìlà náà, a sì fa ti àárín sí 0.78. Ó dára lójú, àfi ìgbà tí a wo ọ̀bọ náà tímọ́tímọ́: irun gígùn tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó yẹ kó ní yẹ́lò ráúráú, ti di eérú. Yẹ́lò irun yẹn àti yẹ́lò ewé tó gba oòrùn jẹ́ aládùúgbò lórí ìlà náà. A sún àmì ìhà yẹ́lò wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi padà. Ewé díẹ̀ tún tàn nítorí rẹ̀, a sì fara mọ́ ọn.

Àwọn kan á ní ká fi Qualifier (ohun èlò tó ń yan àwọ̀ kan ṣoṣo nínú àwòrán) yan ewé nìkan. A dán an wò, a sì fi í sílẹ̀. Nínú fídíò fóònù, àwọ̀ kì í ní kúlẹ̀kúlẹ̀ tó bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ní: ẹyọ àwọ̀ kan ni píksẹ́lì mẹ́rin jọ ń lò. Etí ohun tí Qualifier yàn á wá rí bí ẹnu ayùn, bí ọ̀bọ bá sì ti ń mira, etí yẹn á máa gbọ̀n yí i ká.

Ìlà àlùkò etí ẹ̀ka kò gba àkókò: Hue vs Sat, àwọ̀ àlùkò sí 0.2. Kò sí òdòdó aláwọ̀ yẹn nínú àwòrán, ó sì ṣe é ṣe láìbẹ̀rù. Ibi tí a ṣọ́ nìkan ni ojú ọ̀bọ náà, tó ní búlúù bí eérú yí ojú ká. A dín fífẹ̀ àmì náà kù kó má baà kàn án.

Vectorscope (àwòrán ìwọ̀n àwọ̀) ní ìlà kan tó ń tọ́ka sí àwọ̀ ara èèyàn. Kò kan ọ̀bọ. Ẹni tó bá fa ojú ọ̀bọ sórí ìlà yẹn ti kun ún lójú.

Kámẹ́rà tí wọ́n máa ń so mọ́ igi kó máa ya ẹranko tọ̀sán-tòru ní irú àìsàn mìíràn, ó yẹ ká mẹ́nu kàn án kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn yìí wò ó. Bí ewé inú rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó di àlùkò lójú ọ̀sán gangan, àsẹ́ tó ń dí infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kì í rí) lójú kámẹ́rà ló há. Ewé a máa dá infrared padà púpọ̀. Gain kò lè yà á kúrò lára pupa tòótọ́, nítorí náà saturation sí òdo ló dára jù, kí fídíò náà di aláìláwọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́.

Gbígbé e jáde, àti yíyà tó ń bọ̀

Ní Deliver, ojú ewé tí a ti ń gbé fídíò jáde: MP4, H.264, 1920 × 1080, férémù 30, 16000 Kb/s, Data Levels ní Auto. Fáìlì náà jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 94. Bí ó bá máa gba WhatsApp kọjá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí document. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí fídíò lásán, ìfúnpọ̀ rẹ̀ á sọ ibòji di páànù-páànù. Kí wọ́n sì tó dájọ́ lórí fóònù, kí wọ́n yí àwọ̀ ojú fóònù kúrò ní Vivid sí Natural, torí Vivid á tún tan iná sínú ewé tí a ti pa.

Fún ìgbà mìíràn, nǹkan méjì ni ì bá ti gé iṣẹ́ yìí kù sí ìdajì. Kí wọ́n ti white balance pa sójú kan, kí fóònù má lè yí i, kí ọ̀bọ tó yọ: ọ̀pọ̀ fóònù Android ní Pro Video tó ń gba Kelvin (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), bíi 5600, áàpù Blackmagic Camera sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí iPhone àti Android, ó lè ti Temp àti Tint méjèèjì pa sójú kan. Àwọ̀ á ṣì jẹ́ ti ewé, ṣùgbọ́n kò ní yí padà láàárín, ohun tó sì dúró sójú kan ṣeé tún ṣe pẹ̀lú node kan. Ìkejì, pépà funfun kan tí kò dán: kí wọ́n yà á fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nínú ibòji náà gan-an, kó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kan ẹranko, kí wọ́n tún yà á nínú oòrùn. Kí wọ́n ká a mọ́wọ́ bí ọ̀bọ bá ti sún mọ́ ìtòsí, nítorí àwọn mona Lẹ́kkí ti mọ ọwọ́ èèyàn, wọ́n lè já a gbà.

Ohun tó kù tí a kò rí ṣe: ojú ọ̀run ṣì funfun láìní nǹkan nínú, irun abẹ́ apá ọ̀bọ nínú ibòji ti yọ́ mọ́ra, ewé mẹ́ta lápá òsì ṣì ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 24, nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí wa, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búráùn, àmì méjèèjì nídìí ìrù rẹ̀ sì funfun.